Màlúù Tó Ń Jẹ Àgbàdo ní Nimbo àti Ọmọ Ìyá Rẹ̀ Tó Ń Jẹ Koríko ní Djébonoua

Láti ìgbà tí mo ti padà dé sí Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo ẹni tó bá rí mi ló ń béèrè bóyá èdè Faransé le, bóyá wọ́n ń jẹ iyán ní Bouaké, bóyá mo rí ọkọ. Kò sí ẹni tó béèrè nípa màlúù. Bẹ́ẹ̀, nítorí màlúù ni mo ṣe lọ. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó gbàgbé bí ẹ̀rù ṣe bà mí tó, nítorí ẹ̀rù náà pọ̀, oríṣiríṣi sì ni, mi ò fẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn ṣòfò.

Ẹ̀kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn ni mo kà ní yunifásítì. Nígbà tí mo sin ìjọba tán, ìwé-ẹ̀rí mi wà lára ògiri yàrá ìyá mi, ó ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Ẹran kan ṣoṣo tó wà lábẹ́ ìtọ́jú mi ni ewúrẹ́ Màámi, ewúrẹ́ náà kì í sì í gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn tí àbúrò bàbá mi tó ń gbé Bouaké fi pè mí lórí fóònù. Bàbá Àlájì ni gbogbo ìdílé ń pè wọ́n. Ìkòkò àti abọ́ ni wọ́n ń tà lọ́jà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọn ò tíì hu irùngbọ̀n.

“Àlàkẹ́,” wọ́n ní, “ṣé òótọ́ ni pé màlúù lo kàwé lé lórí?”

“Òótọ́ ni, sà.”

“Àti oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé apá ibi tí mo ti ṣe dáadáa jù nínú iṣẹ́ yẹn kì í ṣe—”

“Ó tó. Máa bọ̀.”

Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé “ó tó” ni ọ̀rọ̀ tí màá gbọ́ jù lọ ní gbogbo ìrìn-àjò mi.

Anago tí kò ta nǹkan kan

Ọ̀nà náà gùn, màá fò ó. Ẹ sáà mọ̀ pé ní gbogbo ẹnubodè tí a dé, mo ti ń bẹ àwọn aṣọ́bodè kí wọ́n tó bi mí léèrè ohunkóhun, èyí sì mú kí wọ́n tú ẹrù mi ju ti gbogbo èèyàn lọ.

Ìgbà ọyẹ́ ni mo wọ Bouaké. Eruku pupa ti bo ohun gbogbo, títí kan ewé igi. Mo gun ọ̀kadà tiwọn, tí wọ́n ń pè ní tàksí-mótò, mo sì fi ìwọ̀nba Faransé tí mo kọ́ lórí fóònù sọ fún ẹni tó ń gbé mi pé kí ó má bínú, ẹ̀wù rẹ̀ ni mo máa dì mú, pé kì í ṣe pé mi ò fọkàn tán an, pé bí ara mi ṣe rí nìyẹn.

“Anago?” ó bi mí. Anago ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Kí lo ń tà?”

“Mi ò ta nǹkan kan.”

Ó yí gbogbo orí rẹ̀ padà wò mí, mótò sì ń sáré lọ. “Anago tí kò ta nǹkan kan? Ṣé ara rẹ ò yá ni?”

Mo fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo rí i pé kò ní í wojú ọ̀nà títí màá fi parí, mo sọ fún un pé ẹrù mi ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó sì gbé mi dé Nimbo, àdúgbò Bàbá Àlájì, láàyè.

Ní ilé Bàbá Àlájì, ẹni tó bá wọlé kì í sọ̀rọ̀ kí ó tó jẹun. Ẹni tó bá ń jáde lọ, wọ́n á dá a padà lẹ́nu ọ̀nà bí kò bá jẹun. Bàbá Àlájì ní ohun kan ṣoṣo tí bàbá àwọn gbé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò bàjẹ́ lọ́nà nìyẹn: àlejò kì í fi ebi kúrò nílé wa. Kí n tó fi ẹrù mi sílẹ̀, atíẹ́kẹ́ ti wà níwájú mi, èyí tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe tó rí wóróworó bí gàrí tí wọ́n sè lórí ooru, pẹ̀lú ẹja dídín àti àlùbọ́sà. Dòdò tẹ̀ lé e. Alókò ni wọ́n ń pè é. Bí mo bá ti fẹ́ dúpẹ́, wọ́n á bu òmíràn sí i.

“Ma sœur, jẹun, jẹun,” ni Ráfíátù, ọmọ Bàbá Àlájì, ń wí. “Ọ̀rọ̀ máa dúró. Atíẹ́kẹ́ ò ní dúró, hein.”

Bouaké ni wọ́n bí Ráfíátù sí, aránṣọ ni, ó sì ń da Faransé mọ́ Yorùbá bí ẹni ń da omi mọ́ ẹ̀kọ. Òun ló mú mi lọ sí ẹ̀yìn ilé lẹ́yìn oúnjẹ, níbi tí wọ́n so màlúù kan mọ́ abẹ́ igi máńgòrò. Akọ ni, àwọ̀ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ojú rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

“Àlejò ni orúkọ ẹ̀,” Ráfíátù wí. “Papa ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí o kí i.”

Mo kí i. Kò dáhùn. Mo rò pé kò fẹ́ràn mi.

Bàbá Àlájì wá jókòó, wọ́n ṣàlàyé. Àgbàlagbà kan tó jẹ́ Baoulé, ẹ̀yà àwọn onílẹ̀ níbẹ̀, wà ní Djébonoua, ìlú kékeré tó wà ní gúúsù Bouaké, ọ̀rẹ́ wọn láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Ó ní ilẹ̀ koríko tó gbòòrò. Bàbá Àlájì fẹ́ kí ó yọ̀ǹda apá kan fún àwọn kí àwọn fi ṣe ibi tí wọ́n á ti máa fi ọkà bọ́ màlúù títí á fi sanra. Ọ̀rẹ́ wọn ní rárá, pé kí ló dé tí ẹran á fi máa jẹ ohun tí èèyàn ń jẹ nígbà tí Ọlọ́run ti dá koríko? Wọ́n jiyàn títí. Níkẹyìn wọ́n ra màlúù méjì, ìbejì, ọmọ ìyá kan náà. Ọ̀kan ń jẹ koríko ní Djébonoua. Èkejì, ìyẹn Àlejò, yóò máa jẹ ọkà ní Nimbo. Bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa, wọ́n á wọn àwọn méjèèjì.

“Bí tiwa bá tóbi jù, wọ́n á fún wa nílẹ̀, ìwọ lo sì máa bójú tó o,” Bàbá Àlájì wí. “Bí tiwọn bá tóbi jù, mi ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ ilẹ̀ mọ́ láéláé.”

“Èmi ńkọ́, sà?”

“Wàá padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ.”

Mo ronú kan ògiri yẹn. Mo ronú kan ewúrẹ́ yẹn.

Ìròyìn

Kò pẹ́ tí a fi lọ kí ọ̀rẹ́ wọn. Nanan ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n, bí àwa ṣe ń pe àgbà ní Bàbá. Wọ́n ga, wọn kì í kánjú, wọ́n sì da aṣọ ńlá bora lápá kan. Ráfíátù, tó gbọ́ Baoulé bí ẹni mumi, ló ń ṣe ògbufọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà wọn fún yín. Bí àlejò bá dé, wọ́n á fún un ní ìjókòó. Wọ́n á fún un lómi. Nígbà tí ó bá mu ún tán, tí gbogbo èèyàn ti dákẹ́, wọ́n á wá béèrè ìròyìn. Bàbá Àlájì dáhùn pé, “Kò sí láburú. A kàn wá kí yín ni.” Nanan mi orí. Wọ́n wá yíjú sí mi.

“Ọmọ wa tó ti ọ̀nà jíjìn wá, kí ni ìròyìn?”

Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ìbéèrè yẹn ní ìdáhùn kékeré kan tí gbogbo èèyàn mọ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, kò sí ẹni tó tíì fún mi ní ìjókòó, tó fún mi lómi, tó wá dákẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀. Omi bọ́ lójú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé wa.

Mo sọ ti àwọn aṣọ́bodè. Mo sọ ti ìwé-ẹ̀rí àti ewúrẹ́. Mo sọ bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí pé bóyá mo kàwé lásán ni, àti bí ẹ̀rù ṣe tún ń bà mí pé bóyá n kò kàwé lásán, tí wọ́n á wá máa retí nǹkan lọ́wọ́ mi. Ráfíátù ń túmọ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ mi ṣe ń gùn sí i ni tirẹ̀ ń kúrú.

“Kí lo sọ fún wọn?” mo bi í.

“Mo ní ọ̀nà jìn.”

“Gbogbo ohun tí mo sọ yẹn?”

“Mo ní ó jìn gan-an.”

Nígbà náà ni wọ́n da màlúù Nanan kọjá níwájú wa. Ẹ̀ẹ̀rùn ti gba koríko, ẹran náà sì gbẹ débi pé èèyàn lè ka egungun ìhà rẹ̀. Àánú Nanan ṣe mí. Mo fẹ́ tù wọ́n nínú. Mo ní, “Bàbá Àlájì sọ fún wa nílé pé màlúù yín dà bí agboòrùn tí ìjì ti ya aṣọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti wá rí i báyìí, kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ó dà bí agboòrùn tí èèyàn ṣì lè tún ṣe.”

Ráfíátù bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè rẹ̀ wé. Ikọ́ gbé Bàbá Àlájì.

“Túmọ̀ rẹ̀,” Nanan wí.

Ó túmọ̀ rẹ̀. Nanan wo Bàbá Àlájì, wọ́n wò mí, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín títí aṣọ fi já bọ́ léjìká wọn. “Àlájì,” wọ́n ní, “ọmọ yìí ò lè bá ẹ jalè láéláé.” Wọ́n wá na ọwọ́ sí pápá náà. “Koríko sùn ni. Ó máa jí.”

Nígbà tí à ń padà lọ, a ti ń rí àwọn òpó iná Bouaké kí Bàbá Àlájì tó yíjú sí mi. Wọ́n wá ní, “Àlàkẹ́, bí wọ́n bá tún bi ọ́ ní ìròyìn, ‘kò sí láburú’ ni kí o sọ. Ó tó.”

Koríko jí

Àgbàdo lílọ̀ ni mo ń fún Àlejò, mo sì ń pò ó mọ́ kóró òwú tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ kúrò, èyí tí à ń rà ní Zone industrielle, àdúgbò tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wà. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń fi kún un, pẹ̀lú koríko gbígbẹ láàárín. Ohun tí ọkà dára fún ni pé ẹran á tètè tóbi, ọ̀rá á sì wọ inú ẹran rẹ̀. Ewu rẹ̀ ni pé bí ó bá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan, inú ẹran á ho bí ẹ̀kọ tó wà lórí iná, afẹ́fẹ́ á kún un, ó sì lè kú. Nítorí náà, mo fi òfin de gbogbo ilé: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fún Àlejò ní nǹkan kan.

Ẹ wò ó, ì bá rọrùn jù láti sọ fún àwọn èèyàn yẹn pé kí wọ́n má mí. Ìyá Ráfíátù á dúró lábẹ́ máńgòrò, wọ́n á káwọ́ mọ́ àyà.

“Àlàkẹ́, àbí o fẹ́ pa á ni? Wo ojú ẹ̀. Ebi ń pa á.”

“Mà, màlúù ni. Bí ojú gbogbo wọn ṣe rí nìyẹn.”

“Ó ń wò mí bí ọmọ òrukàn.”

“Ó ń wo abọ́ tó wà lọ́wọ́ yín, mà.”

Inú mi bàjẹ́ láti máa dá àgbàlagbà lẹ́kun oore. Mo máa ń lọ bẹ̀ wọ́n lẹ́yìn náà, wọ́n á sì fi oúnjẹ tí wọ́n ò rí fún Àlejò bọ́ èmi. Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sanra.

Lẹ́yìn náà òjò dé. Mo lọ sí Djébonoua, mo wo pápá náà, ọkàn mi sì já. Koríko ti jí lóòótọ́. Ó tutù, ó rọ̀, ó ń dán. Àwọn olùkọ́ wa ti kọ́ wa pé màlúù tí ebi ti pa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ewéko tútù bá dé, kì í dàgbà bí màlúù lásán. Ńṣe ló ń sáré dàgbà bí ẹni tó ń lé ọkọ̀ tó fi í sílẹ̀. Mo dáhùn rẹ̀ nínú ìdánwò, mo sì gba máàkì. Ṣùgbọ́n mo ti ń gbàdúrà pé kí ó má ṣe jẹ́ òótọ́. Egungun ìhà tí mo lè kà níjọ́sí ti wọlé lọ. Ìdí rẹ̀ ti kún. Agboòrùn ti di ìlẹ̀kùn ààfin.

Nanan ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo bi wọ́n ní orúkọ tí màlúù wọn ń jẹ́. Ráfíátù túmọ̀ èsì wọn: “Wọ́n ní wọn ò sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n ní bí o bá ti sọ ẹran lórúkọ, ta ló máa jẹ ẹ́?”

Ọjọ́ tí aránṣọ wọn màlúù

A ò ní òṣùwọ̀n ńlá tí màlúù lè gùn. Ṣùgbọ́n téèpù tí èèyàn bá fi yí àyà màlúù ká lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú máa ń sọ bí ó ṣe tóbi tó, ó sì sún mọ́ òótọ́. Ráfíátù rán téèpù ìránṣọ rẹ̀ méjì pọ̀, ó ní òun ti rán aṣọ fún àwọn obìnrin kan ní Nimbo tí màlúù ò lè dẹ́rù ba òun mọ́.

Èmi àti òun ṣáájú lọ sí Djébonoua láàárọ̀ ọjọ́ náà láti tún ibi tí a ó ti wọ̀n wọ́n ṣe. Bàbá Àlájì ní àwọn á gbé Àlejò tẹ̀ lé wa nínú ọkọ̀, gbogbo ilé á sì bá wọn wá wòran. N kò ronú nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí mo ṣì ń bínú sí ara mi lé lórí nìyẹn, nítorí pé lórí ohun gbogbo yòókù láyé, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni mo ń ronú.

Ọkọ̀ dé, a jókòó, a mu omi. Nanan béèrè ìròyìn, Bàbá Àlájì ní kò sí láburú. Ráfíátù kọ́kọ́ wọn màlúù Nanan, ó sì fi ẹfun ìránṣọ sàmì sára téèpù. Ẹran náà dúró jẹ́ẹ́ bí ọkọ ìyàwó. Lẹ́yìn náà ó yí téèpù mọ́ Àlejò láyà. Ó kọjá àmì. Ó tún kọjá. Ó ń lọ.

“Ah non!” Ráfíátù pariwo. “Papa, téèpù mi ń tán lọ!”

“Alihamudulilai!” Bàbá Àlájì ju ọwọ́ méjèèjì sókè. Àwọn ará ilé wa ń pàtẹ́wọ́. Ìyá Ráfíátù ti ń jó.

Nanan ò dìde. Wọ́n wo màlúù náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá yíjú sí mi. “Ìwọ tó kàwé. Kí ni ìròyìn?”

Bàbá Àlájì ṣẹ́jú sí mi. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo ní láti sọ. Lẹ́yìn Nanan, mo ń wo ilẹ̀ náà. Mo ti kọ́ gbogbo ibùjẹ ẹran sórí rẹ̀ nínú ọkàn mi tipẹ́, mo ti mọ ibi tí àga mi máa wà. Ṣùgbọ́n mo tún ń wo ìhà òsì Àlejò, tó ti wú sókè lábẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn bí táyà tí wọ́n fẹ́ jù. Ó ń fi ẹsẹ̀ ta ikùn ara rẹ̀. Itọ́ ń kán lẹ́nu rẹ̀. Ojú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.

“Láburú wà,” mo wí. “Kì í ṣe ẹran ni téèpù yẹn ń wọ̀n. Afẹ́fẹ́ ni. Ta ló fún un lóúnjẹ?”

Ìyá Ráfíátù dá ijó dúró.

“Abọ́ àgbàdo kékeré kan ni tèmi,” Ìyá Ráfíátù wí níkẹyìn. “Ó ń rìnrìn-àjò, Àlàkẹ́. Ṣé kí ó fi ebi lọ ni?”

“Búrẹ́dì lásán ni èmi fún un,” ayálégbé wọn kan wí.

“Iṣu sísè,” ẹlòmíràn wí. “Èyí tó kù láti àná.”

Gbogbo wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìkọ̀kọ̀, oníkálukú rò pé òun nìkan ni. Mo yíjú sí Bàbá Àlájì. Wọ́n ń tún fìlà wọn ṣe.

“Bàbá, ẹ̀yin náà?”

“Àlejò kì í fi ebi kúrò nílé wa,” wọ́n wí jẹ́jẹ́. “Abọ́ àgbàdo méjì.”

Ẹ̀rù tó bà mí lẹ́yìn ìyẹn kò ní àkókò láti ní orúkọ. Mo sáré lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń dín alókò létí títì, mo gba òróró tútù nínú ìgò rẹ̀, a sì dà á sí Àlejò lọ́nà ọ̀fun. Mo fi igi há a lẹ́nu kí ó lè máa jẹ ẹ́ lẹ́nu bí ẹni tó ń rin pákò. Bàbá Àlájì ń fà á lọ sókè gẹ̀rẹ́ gẹ̀rẹ́, Ìyá Ráfíátù ń fọwọ́ ra á ní ìhà òsì, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú. Èmi náà ń bẹ gbogbo èèyàn pé kí wọ́n má bínú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé Nanan nìkan ni kò bẹ ẹnikẹ́ni.

Àwọn ni wọ́n dìde níkẹyìn, wọ́n gbé ọ̀pá wọn sókè, wọ́n la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Àlejò sì gùfẹ̀.

N kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Fìlà Bàbá Àlájì mì lórí wọn. Ó gùn, ó sì gbóná, oúnjẹ gbogbo ilé sì wà nínú rẹ̀.

“Ìyẹn ni búrẹ́dì mi,” ayálégbé náà wí.

A jẹ́ kí ó gùfẹ̀ títí ìhà rẹ̀ fi wálẹ̀. Ráfíátù tún wọ̀n ọ́n. Ó ṣì ju ti Nanan lọ, ṣùgbọ́n ohun tó fi jù ú kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ.

“Ó ṣì jù ú!” Bàbá Àlájì wí. “Àlàkẹ́, ó ṣì jù ú! Sọ fún wọn.”

Mo sọ fún wọn. Mo ní bí ó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ni a wọ̀n wọ́n, tiwa ì bá fi ti Nanan ṣẹ̀sín. Mo ní bí a bá tún dúró kí òjò lọ jìnnà, mi ò lè búra. Mo ní Àlejò ti jẹ ohun tí gbogbo ilé ì bá jẹ, ọmọ ìyá rẹ̀ sì ti jẹ ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbìn. Mo ní bí ó bá jẹ́ tèmi, kí àwọn méjèèjì jẹ koríko Nanan ní gbogbo ìgbà òjò, kí n wá fi ọkà parí wọn nígbà tí koríko bá sùn, kí wọ́n tó lọ sọ́jà. Mo tún ṣàlàyé bí ó ṣe rí lára mi láti sọ èyí.

Bàbá Àlájì di orí mú. “A ti borí, ọmọ yìí tún ń bá a lọ!”

Nanan sọ̀rọ̀. Ojú Ráfíátù là.

“Wọ́n ní ẹ mú ilẹ̀ náà. Wọ́n ní ẹni tó bá lè fẹnu ara ẹ̀ dín màlúù ara ẹ̀ kù níwájú èèyàn, àwọn lè fi màlúù tàwọn sí i lọ́wọ́. Koríko tiwọn, ọkà tiwa.” Ó tún tẹ́tí sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. “Ó ku ẹyọ kan. Wọ́n ní láti òní lọ, bí a bá wá, èmi ni kí n máa sọ ìròyìn dípò rẹ. Wọ́n ní àwọn ti dàgbà, ọjọ́ tó kù fáwọn ò pọ̀.”

Mo sunkún. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Ráfíátù ti fi alókò dí mi lẹ́nu.

Omi

Mo wá sílé láti kó ẹrù mi, kí n sì yọ ìwé-ẹ̀rí mi kúrò lára ògiri. Ní ọjọ́ tí mo kúrò ní Nimbo, ẹni tó gbé mi lọ sí ibùdókọ̀ tún bi mí pé ṣé Anago ni mí, kí ni mò ń tà. Mo ní màlúù. “Ẹ̀n-ẹ́n,” ó ní, ó sì kọjú sọ́nà.

Màámi fún mi ní ìjókòó. Wọ́n fún mi lómi. Wọ́n dúró tì mí, wọ́n ń wò mí.

“Báwo ni Bouaké?”

Mo ti fi gbogbo ọ̀nà kọ́ ọ. “Kò sí láburú, Màámi,” mo wí. “Mo ríṣẹ́.”

Wọ́n dúró. Mi ò sọ nǹkan kan mọ́. Wọ́n tún dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí mi, wọ́n kan ọrùn mi, wọ́n sì ké sí aládùúgbò pé kí ó bá àwọn wá oògùn ibà.

Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo gbé omi fún àwọn náà. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.